Bí Ara Bá Ń Ro Yín Fún Ìgbà Pípẹ́, Ẹ Ṣọ́ Ọkàn Yín

Òṣogbo, ìlú aró. Ẹni tó ti ń tẹ̀ sórí ìkòkò aró láti ọdún pípẹ́, tàbí tó ń fi àpótí kékeré jókòó lọ́jà Olúọdẹ láti àárọ̀ di alẹ́, mọ ẹ̀yìn ríro dáadáa. Ṣùgbọ́n ìrora tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta kì í ṣe ọ̀rọ̀ eegun nìkan mọ́. Ó ti kan ọkàn, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà kàn án: ìrora fúnra rẹ̀, àti oògùn tí à ń gbé mì nítorí rẹ̀.

Nígbà tí nǹkan bá ń dunni, ara á máa ṣe bíi pé ewu ń bọ̀. Ọkàn á sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún, ẹ̀jẹ̀ á ru. Bó bá jẹ́ fún wákàtí kan péré, kò burú. Bó bá di ojoojúmọ́, tí orúnkún kò jẹ́ kéèyàn sùn lóru, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè wálẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn kì í fẹ́ rìn, á máa sanra, ìsanra náà á tún di ẹrù fún orúnkún. Ewu ọkàn sì máa ń pọ̀ sí i bí ibi tó ń dunni bá ṣe pọ̀ tó. Ẹni tí làkúrègbé ń mú oríkèé ọwọ́ rẹ̀ wú, tí ọwọ́ náà máa ń gan láràárọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má fi í mọ sí ìfọwọ́ra, nítorí irú rẹ̀ a máa ba iṣan ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́.

Ẹ kó gbogbo oògùn sórí tábìlì

Ibí gan-an ni ìpalára pọ̀ sí jù. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde, títí kan èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri àti àgbo inú ìgò. Ẹ ka orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ sábẹ́ orúkọ ńlá. Èyí tó bá parí sí -profen bí ibuprofen, -fenac bí diclofenac, tàbí -xicam bíi piroxicam tó wà nínú Feldene, ìdílé kan ni wọ́n. Naproxen náà wà lára wọn. Wọ́n máa ń jẹ́ kí kíndìnrín dá iyọ̀ àti omi dúró: ẹsẹ̀ lè wú, ẹ̀jẹ̀ á ru, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì ní ràn bó ṣe yẹ. Ewu àrùn ọkàn òjijì àti rọpárọsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ téèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n. Diclofenac ni ká ṣọ́ra fún jù. Láti ọdún 2013 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Yúróòpù ti sọ pé kí ẹni tó ní àrùn ọkàn, tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti ṣe rí, má lò ó.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn lo ibuprofen láàárọ̀, kó tún lo Feldene lálẹ́, kó rò pé oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìlọ́po ni. Ẹ̀tù Alábùkún náà, aspirin, tó jẹ́ ìbátan wọn, àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má lò ó mọ́ wọn. Bí dókítà bá ti kọ lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, àti oògùn tó ń múni tọ̀ fún yín, ẹ má fi èyíkéyìí nínú ìdílé yìí kún un láìbi apòògùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lè ba kíndìnrín jẹ́. Bó bá jẹ́ aspirin kékeré lẹ ń lò fún ọkàn, ibuprofen lè dí i lọ́wọ́. Ẹ lo aspirin náà ṣáájú, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán.

Oògùn onírúurú tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré ló ń bà wá lẹ́rù jù. Bí ìrora bá pòórá lọ́jọ́ kan, tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí oúnjẹ ń wuni jẹ ju ti tẹ́lẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dexamethasone tàbí prednisolone ló wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ súgà ga. Ẹni tó bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì. Ọsibítù ni yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Kí lẹ wá lè lò? Fún orúnkún tàbí ọwọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú diclofenac tí wọ́n ń fi pa ara, nítorí díẹ̀ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Aṣọ ìnura tí a rì sínú omi gbígbóná tí ara lè gbà, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, dára fún ẹ̀yìn. Paracetamol 500 mg, méjì lẹ́ẹ̀kan, kó má ju mẹ́jọ lọ ní wákàtí 24. Kì í ṣe oògùn àjẹsùn ojoojúmọ́ o: ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Edinburgh, tó jáde ní 2022, fi hàn pé mẹ́jọ lójúmọ́ gbé nọ́ńbà òkè ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru sókè ní nǹkan bíi 5. Èyí tó ń hó nínú omi ní iyọ̀ nínú pẹ̀lú.

Ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bó ṣe yẹ

Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń wé mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Ẹ má jẹ obì, ẹ má sì mu kọfí fún ìṣẹ́jú 30 ṣáájú. Ẹ kọ́kọ́ tọ̀, kí ẹ wá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn kan àga, ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, apá sinmi lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú kan láàárín, láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, kí ẹ wá ìpíndọ́gba ìyókù. Bó bá tó 135/85, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ kọ bí ìrora ṣe le tó, láti 0 dé 10, sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kìkì lọ́jọ́ tí ara ń ro ó kò ní mọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe rí gan-an.

Rírìn

Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí ẹ lè rìn kí ìrora tó le. Bó bá jẹ́ 15, ẹ máa rin 10, lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí ara yá. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kún un lọ́sẹ̀, títí yóò fi tó 150 lọ́sẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kéèyàn kó gbogbo iṣẹ́ ilé ṣe lọ́jọ́ tí ara fúyẹ́, kó wá fi ọjọ́ mẹ́ta dùbúlẹ̀. Bí ìrora kò bá tíì rọlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù.

Bó bá jẹ́ pé àyà ni

Ẹni tí èjìká ti ń dùn tipẹ́ lè sọ pé "èyí tó máa ń ṣe mí náà ni." Ìrora èjìká sábà máa ń yí padà bí ẹ bá gbé apá tàbí tẹ ibẹ̀. Ti ọkàn máa ń rí bí ìgbà tí wọ́n gbé odó lé àyà, ó lè lọ sí apá òsì, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, pẹ̀lú òógùn tútù, èémí tó ń há tàbí èébì. Lára obìnrin àti ẹni tó ní ìtọ̀ súgà, ó lè jẹ́ àárẹ̀ òjijì àti èémí tí kò délẹ̀ nìkan. Ẹ má fi Aboniki pa á, ẹ má sì dá gun ọ̀kadà. Kí ẹnì kan gbé yín lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ní UNIOSUN Teaching Hospital lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ lè run aspirin 300 mg kan lẹ́nu, àfi bó bá jẹ́ èèwọ̀ ara yín, bí ọgbẹ́ inú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí bí ojú bá wọ́ tí apá kan kò lágbára, nítorí ìyẹn lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ. Kí ẹni tó ń gbé yín lọ kó gbogbo pálí oògùn orí tábìlì yẹn dání.