Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Wá Ìwé Ẹjọ́ ní Kóòtù Kàúńtì l'Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà kì í ronú kan kóòtù kàúńtì, ìyẹn kóòtù àgbègbè tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ ìpínlẹ̀, títí ìwé yóò fi di dandan. Ẹnì kan fẹ́ di ọmọ onílùú, USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwé ìgbélùú, ní kó fi hàn bí ẹjọ́ tí ọlọ́pàá tìtorí ẹ̀ mú un nígbà kan ṣe parí. Ẹlòmíì fẹ́ gbéyàwó tuntun, wọ́n ní kó mú ìwé tó tú ti àkọ́kọ́ ká wá. Bàbá kan kú sí Houston, báńkì kò sì dá àwọn ọmọ lóhùn àfi bí wọ́n bá mú ìwé kóòtù dání. Ìkánjú ló máa ń bá irú ọ̀rọ̀ báyìí dé, inú ìkánjú náà sì ni àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ti ń wáyé. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa, wọ́n sì ń da ìwé ìgbélùú ẹlòmíì rú.

Ẹ má fi orúkọ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Àṣìṣe tó bí gbogbo ìyókù ni kí èèyàn rò pé àpótí kan wà níbì kan ní Washington tí gbogbo ẹjọ́ Amẹ́ríkà wà nínú rẹ̀. Kò sí. Kàúńtì tó wà lórílẹ̀-èdè náà ju 3,000 lọ. Texas nìkan ní 254, Georgia ní 159. Louisiana kì í tilẹ̀ lo orúkọ yẹn, parish ni wọ́n ń pe tiwọn. Kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ ló ń tọ́jú ìwé rẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè má mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Àwọn kan á gbọ́ orúkọ PACER, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń wá ìwé ẹjọ́, wọ́n á forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á wá ìkọ̀sílẹ̀ títí, wọn ò ní rí i. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni PACER wà fún, irú bí ẹjọ́ ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn tó lọ bẹ kóòtù, tàbí ẹ̀sùn tí ìjọba àpapọ̀ fi kan èèyàn. Sẹ́ǹtì 10 ni wọ́n ń gbà lórí ojú ìwé kan, bí gbogbo ohun tí ẹ lò láàárín oṣù mẹ́ta kò bá sì ju dọ́là 30 lọ, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ó dára fún iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkọ̀sílẹ̀, ogún, tíkẹ́ẹ̀tì ojú títì, ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, ìyípadà orúkọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn níbẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ibo ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀? Tíkẹ́ẹ̀tì wà níbi tí ọlọ́pàá ti dá ọkọ̀ dúró, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń kọjá lọ ni. Ẹjọ́ ayálégbé wà níbi tí ilé wà. Ogún wà ní kàúńtì tí olóògbé ń gbé; bó bá tún ní ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ṣeé ṣe kí fáìlì kejì wà lọ́hùn-ún. Ìkọ̀sílẹ̀ ló sábà máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, torí wọ́n rò pé ibi tí wọ́n ti so yìgì ni wọ́n ti máa rí i. Rárá o. Ibi tí ọ̀kan nínú tọkọtaya ń gbé nígbà tí wọ́n gbé ẹjọ́ lọ ni. Ní Texas, òfin ní kí ọ̀kan nínú wọn ti gbé ìpínlẹ̀ náà fún oṣù mẹ́fà, kó sì ti gbé kàúńtì náà fún 90 ọjọ́, kó tó lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ síbẹ̀. Àdírẹ́sì ìgbà náà ló máa tọ́ yín sọ́nà, kì í ṣe ti ìsinsìnyí.

Ẹ má sì fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ kàúńtì. Harris County ni èyí tó pọ̀ jù nínú Houston wà, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ wọ Fort Bend, apá kan wọ Montgomery. Ẹni tí “Houston” wà lórí lẹ́tà rẹ̀ lè jẹ́ ará Fort Bend, kóòtù tirẹ̀ á sì wà nílùú Richmond ní Texas níbẹ̀, kì í ṣe Richmond ti Virginia. Ìlú Baltimore kò sí nínú Baltimore County rárá; ìlú náà ní kóòtù tirẹ̀, ti kàúńtì sì wà ní Towson. Ní New York, Brooklyn ni Kings County, Staten Island sì ni Richmond County. Àwọn tó wà ní Prince George's County ní Maryland ní láti dé Upper Marlboro, àwọn ará Gwinnett ní Georgia ní láti dé Lawrenceville. Ẹ tẹ àdírẹ́sì náà sínú ìkànnì kàúńtì kẹ́ ẹ tó wakọ̀ jáde.

Kàúńtì kan, ilẹ̀kùn púpọ̀

Bí ẹ bá ti mọ kàúńtì, iṣẹ́ ṣì kù. Ní Harris County, akọ̀wé kóòtù tí wọ́n ń pè ní District Clerk ló ń tọ́jú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ àti ẹjọ́ ọ̀daràn. Akọ̀wé kàúńtì, ìyẹn County Clerk, tí orúkọ rẹ̀ jọ ti èkejì débi pé gbogbo èèyàn ń ṣì wọ́n mú, ló ni ìwé ogún, ìwé àṣẹ ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀ àti orúkọ òwò. Ẹjọ́ ayálégbé àti ẹjọ́ owó tí kò ju dọ́là 20,000 lọ wà ní kóòtù kékeré tí wọ́n ń pè ní Justice of the Peace. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ọlọ́pàá ìlú Houston já sábà máa ń wà ní kóòtù ìlú, tí kì í ṣe ti kàúńtì. Ẹni tó bá tò síwájú fèrèsé tí kì í ṣe tirẹ̀, wákàtí ọjọ́ náà ti ṣòfò.

Orúkọ kóòtù náà ń tan èèyàn jẹ. Supreme Court ti New York kì í ṣe ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tú ìgbéyàwó ká. Surrogate's Court ló ni ti ogún. Ní Maryland, ọ́fíìsì Register of Wills lẹ máa bá fún ogún, Circuit Court fún ìkọ̀sílẹ̀. Maryland tún ṣe ohun kan tó wú mi lórí: ìkànnì wọn tó ń jẹ́ Case Search kó ẹjọ́ gbogbo kàúńtì wọn jọ sójú kan, ọ̀fẹ́ sì ni.

Orúkọ Yorùbá nínú kọ̀ǹpútà òyìnbó

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀, torí ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń padà sílé láìrí ìwé tó wà níbẹ̀ gan-an nìyí. Ẹ má tẹ orúkọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ ní kò sí. Ọlọ́pàá tàbí akọ̀wé tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èwo ni orúkọ bàbá. Adéṣọlá lè jẹ́ Adesola, Adeshola tàbí Shola lásán. Olúwaṣeun lè di Seun, ó lè di Oluwa, kí ṣeun wá di orúkọ àárín. Orúkọ ìdílé tó bá gùn lè gé lápá ìparí torí àyè inú fọ́ọ̀mù tán. Obìnrin tó forúkọ bàbá rẹ̀ gbéjọ́ lọ, tó wá ń forúkọ ọkọ wá a, kò lè rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tó so orúkọ méjèèjì pọ̀, tí akọ̀wé sì fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ẹ wá a ní oríṣiríṣi: orúkọ bàbá nìkan, orúkọ yín níbi orúkọ bàbá, orúkọ bàbá níbi tiyín, S láìsí h, S pẹ̀lú h, lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ pẹ̀lú àmì ìràwọ̀, bí ìkànnì náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé béèlì àtijọ́ bá ṣì wà nílé, nọ́ńbà ẹjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣi orúkọ pè.

Òdìkejì rẹ̀ léwu jù. Àwọn òbí tó ń wádìí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn á tẹ orúkọ, wọ́n á rí ẹjọ́ kan, ọ̀rọ̀ á dé etí ẹbí kó tó di alẹ́. Adébáyọ̀ mélòó ló wà ní Houston? Ẹ wo ọjọ́ ìbí, ẹ wo àdírẹ́sì, ẹ wo orúkọ àárín. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ òun ni, ẹ ka ẹjọ́ náà dé ìparí rẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án kò túmọ̀ sí pé wọ́n dá a lẹ́bi. Nínú Case Search ti Maryland, ẹ máa rí “nolle prosequi” lára ọ̀pọ̀ ẹjọ́: agbẹjọ́rò ìjọba ló jáwọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Ìwà ìkà ni kéèyàn fi irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi irú ìwádìí yìí gba òṣìṣẹ́ tàbí ayálégbé, òfin àpapọ̀ tó ń jẹ́ Fair Credit Reporting Act ti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ má fi ìkànnì olówó oṣooṣù kan ṣe é lábẹ́lẹ̀.

Ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà kọ́ ni ìwé

Àwọn kan ń ya fọ́tò ojú ìkànnì kóòtù ránṣẹ́ sí USCIS. Àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ni ìyẹn, kì í ṣe ìdájọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ẹ̀dà tí akọ̀wé kóòtù fi òǹtẹ̀ lù, tó sọ bí ẹjọ́ ṣe parí. Nígbà tí ẹ bá ń béèrè rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kedere pé olóǹtẹ̀ lẹ fẹ́, torí owó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti fótókópì lásán, wọ́n á sì fún yín ní fótókópì bí ẹ ò bá sọ.

Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tún ní pańpẹ́ tirẹ̀. Ní Texas, ọ́fíìsì ètò ìbí àti ikú ìpínlẹ̀ lè fún yín ní lẹ́tà pé ìkọ̀sílẹ̀ kan wáyé, ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn kì í ṣe ìdájọ́ fúnra rẹ̀. Ìdájọ́ tó sọ ẹni tó ni ilé, ẹni tí ọmọ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, District Clerk kàúńtì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Ẹnì kan á gbọ́ pé òun lè pa ẹjọ́ àtijọ́ rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn, á sanwó lọ́yà, kóòtù á pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù N-400, tí wọ́n fi ń béèrè láti di ọmọ onílùú, á dé, tí USCIS á béèrè nípa gbogbo ìgbà tí wọ́n ti mú un, títí kan èyí tí wọ́n ti pa rẹ́. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn, wọ́n sì máa fẹ́ ìwé, ìwé sì ti lọ. Ẹ gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa ohunkóhun rẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ bá lọ́yà tó mọ òfin ìgbélùú sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti ẹjọ́ ọ̀daràn nìkan. Bí ìwé bá ti lọ ná, tàbí tó ti pẹ́ débi pé kóòtù ti sọ ọ́ nù, ẹ ní kí akọ̀wé fún yín ní lẹ́tà olóǹtẹ̀ pé àwọn wá a, àwọn kò rí i. Lẹ́tà yẹn ṣeé fi ránṣẹ́.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá gbé ẹjọ́ kan jáde, ẹ má parí èrò sí pé kò sí. Ìwé àtijọ́ lè má tíì wọ kọ̀ǹpútà. Ti ọmọdé àti ti ìgbàtọ́mọ wà ní títì. New York kì í fi fáìlì ìkọ̀sílẹ̀ han ẹnikẹ́ni àfi tọkọtaya náà àti agbẹjọ́rò wọn, tàbí bí kóòtù bá pàṣẹ.

Àwọn ìkànnì tó ń ṣe bí kóòtù, tí wọ́n á gba nọ́ńbà káàdì yín kẹ́ ẹ tó rí nǹkan kan, ẹ yà fún wọn. Ẹ wo bóyá .gov ló parí àdírẹ́sì rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì kàúńtì kẹ́ ẹ béèrè ìkànnì wọn gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ẹjọ́, kọ̀ǹpútà wà tí ará ìlú lè fi wo ìwé láìsanwó.

Níkẹyìn, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ sì fi ń sá fún ilé ẹjọ́ pátápátá. Gbígba ìwé kì í ṣe ẹjọ́. Ìwé tó ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú, ẹnikẹ́ni ló lè béèrè rẹ̀, kò sì sí ìdí tẹ́ ẹ fi ní láti ṣàlàyé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fura pé ìwé àṣẹ ìmúni ń bẹ lórí yín, tàbí tí ìwé ìgbélùú yín kò tíì gún, ẹ má fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ; ẹ kọ̀wé, tàbí kẹ́ ẹ rán lọ́yà. Ẹ má sì bi akọ̀wé pé kí lẹ ó ṣe sí ẹjọ́ yín. Òfin kò gbà á láyè láti gbani nímọ̀ràn. Nọ́ńbà ẹjọ́, orúkọ tó wà lórí rẹ̀, irú ìwé tẹ́ ẹ fẹ́, iye ẹ̀dà: ìyẹn ti tó o.

Bí wọ́n bá na ìwé sí yín, ẹ kà á níwájú fèrèsé náà. Ẹ wo orúkọ, ọjọ́, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé lójú ewé ìkẹyìn. Bí òǹtẹ̀ bá ṣá, akọ̀wé á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ìdájọ́ gan-an ni wọ́n ti ṣi orúkọ yín kọ, akọ̀wé kò láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Ẹ ní láti kọ̀wé sí adájọ́ kóòtù tó dá ẹjọ́ náà kó ṣàtúnṣe rẹ̀, ẹ sì tètè ṣe é kí USCIS tó dá yín dúró lórí rẹ̀.