Bí ẹ ṣe máa kọ́ àwọn ọmọ ní triple option láì dà wọ́n lórí rú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Texas, ní Georgia, níbikíbi tí iléèwé ọmọ yín ti ní kẹ́ ẹ wá bá àwọn kóòṣì ṣe díẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ débẹ̀ tí wọ́n ní triple option (option ní kúkúrú, eré tí bọ́ọ̀lù ti lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan nínú ẹni mẹ́ta) làwọn fi ń ṣeré, ẹ má fòyà. Kò le tó bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀. Sùúrù ló gbà, torí pé kì í ṣe eré tọ́mọ ń há sórí, ojú ni wọ́n fi ń ṣe é.

Bó ṣe rí nìyí fẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n rárá. Nínú eré míì, ẹ máa ń wá ẹni tó máa dí gbogbo ará dífẹ́ǹsì tó wà nítòsí bọ́ọ̀lù. Nínú option, ẹ máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹni méjì sílẹ̀ láì dí wọn, QB (quarterback, ẹni tó ń darí eré) á máa wò wọ́n, ohun tí wọ́n bá ṣe lòun náà á fi dá wọn lóhùn. Ẹ ka dífẹ́ǹsì láti inú bọ́ síta: ẹni tó wà lórí láìnì, tó dojú kọ tackle yín (ẹni tó wà ní òpin láìnì yín) tàbí tó wà níta ẹ̀ díẹ̀, òun ni Ení. Ẹni tó tẹ̀ lé e níta ni Èjì. Ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, safety lọ́pọ̀ ìgbà, ni Ẹ̀ta, òun lẹ gbọ́dọ̀ dí, iṣẹ́ slotback (asáré tó dúró lẹ́yìn etí láìnì) nìyẹn. Ení ló ń sọ bóyá fullback (asáré tó dúró lẹ́yìn QB) á gba bọ́ọ̀lù, Èjì ló ń sọ bóyá QB á dì í mú sáré tàbí á jù ú sẹ́yìn fẹ́ni tó ń bá a sáré lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní pitch. Ẹni méjì tẹ́ ẹ ò dí yẹn, ẹ ti fi jèrè ẹni méjì tí wọ́n á lọ dí àwọn ẹlòmíì, ìdí nìyẹn táwọn tí ọmọ wọn ò tóbi fi fẹ́ràn ẹ̀. Army, Navy àti Air Force, àwọn iléèwé ológun Amẹ́ríkà, tí wọn ò lè kó òmìrán jọ bí àwọn Alabama, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi option bá àwọn ńlá jà. Ní 2013 yunifásítì Georgia Southern lọ na ti Florida nílé wọn, 26-20, pass (bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú) kan ṣoṣo ò sì wọlé fún wọn lọ́jọ́ náà o, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ṣe é.

Ohun tí mo máa ń rí lọ́dọ̀ àwọn kóòṣì tuntun ni pé pitch ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ, torí òun ló dùn ún wò. Ẹ fi pitch sílẹ̀ ná, jàre. Ibi tí QB àti fullback ti pàdé ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wò ó dáadáa. QB gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ center (ẹni àárín láìnì), ó gbé ẹsẹ̀ tó wà lápá ibi tí eré ń lọ sẹ́yìn díẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì na bọ́ọ̀lù sẹ́yìn pátápátá lọ bá fullback. Fullback ń bọ̀ pẹ̀lú eré, ó dojú kọ ìbàdí guard (ẹni tó wà láàárín center àti tackle) lápá òde, apá tó sún mọ́ QB wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀ ikùn, bọ́ọ̀lù wọ àárín. Kó má tíì dì í o! Kó kàn fọwọ́ bò ó wẹ́rẹ́. Àwọn méjèèjì á jọ gbé bọ́ọ̀lù náà rìn títí táá fi dé ìbàdí iwájú QB, ibẹ̀ lẹjọ́ ti parí: tí QB bá máa fà á yọ kó ti fà á kó tó kọjá ibẹ̀, tó bá ti kọjá, ti fullback ni, kó dì í mọ́ra gírígírí kó máa lọ. Bí wọ́n bá ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ilẹ̀ ló máa bọ́ sí.

Ní gbogbo àkókò yẹn ojú QB ò gbọdọ̀ sí lára bọ́ọ̀lù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fúnra yín lọ dúró síbi tí Ení máa wà, bí wọ́n bá ti gbé bọ́ọ̀lù, ẹ na ìka mẹ́ta tàbí méjì sókè, kí QB pe iye ẹ̀ sókè bó ṣe ń na bọ́ọ̀lù fún fullback. Ọmọ tí ò bá lè pe iye ìka, bọ́ọ̀lù ló ń wò, ẹ ti mú un. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ wá máa ṣe bí Ení gan-an, ẹ kọlu fullback nígbà míì, ẹ dúró nígbà míì.

Òfin kan péré lẹ máa fún un: fún fullback, àfi tí Ení bá lè mú fullback. Tó bá ń ṣiyèméjì, kó fún un. Bó bá ṣì í fún un, yáàdì kan ẹ lè má rí, ṣùgbọ́n bó bá ṣì í fà yọ nígbà tó ti pẹ́, bọ́ọ̀lù ti wà nílẹ̀ nìyẹn.

Láìnì ò ní wàhálà púpọ̀, ẹ kàn jẹ́ kí àlàfo àárín wọn fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Tackle ló máa ń ṣòro fún, torí gbogbo ayé ẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kó gbá ẹni tó wà níwájú ẹ̀, ẹ wá ní kó má fọwọ́ kan Ení, kó gba inú kọjá lọ bá linebacker (ará dífẹ́ǹsì tó dúró lẹ́yìn láìnì wọn). Tí ò bá ti kan án, ó ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú gígé ẹsẹ̀ èèyàn (dídí i nísàlẹ̀ ìbàdí) lóde: láti 2022 ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ti fòfin dè é níta tackle box (àyè tó wà láàárín tackle méjèèjì), iléèwé girama náà ní òfin tiwọn, ẹ kà á.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti mọ ìyẹn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó kan pitch. QB ò gbọdọ̀ sá gba ẹ̀gbẹ́ lọ, èjìká inú Èjì ni kó dojú kọ tààrà, kó fipá mú un láti yan ọ̀kan. Ẹni tó máa gba pitch á wà ní yáàdì mẹ́rin sí márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́, yáàdì kan sẹ́yìn, kó máà jìnnà jù kó máà sún mọ́ jù. Ọwọ́ kan ni QB á fi jù ú, àtàǹpàkò á yí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á dé igbá àyà. Ẹ rán wọn létí pé ẹ̀yìn ni wọ́n jù ú sí, tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ bò ó ló ni ín. Nígbà ìdánrawò, kí ẹni tó ń ṣe Èjì mú páàdì dání, a ò fẹ́ kí QB ṣèṣe níwájú ọ̀sẹ̀ ìdíje.

Àwọn dífẹ́ǹsì tó gbọ́n ní ọgbọ́n kan: Ení á kọlu fullback, QB á fà á yọ, àṣé linebacker ti yọ́ bọ́ síta ó ń dúró dè é. Linebacker yẹn ló ti di Èjì, kí QB jù ú kíá láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá tún ń ṣe é, ẹ ní kí tackle dí Ení gan-an, kẹ́ ẹ fún fullback tààrà, ibi tí linebacker ti kúrò á ti ṣófo sílẹ̀, ẹ ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n á pa èrò wọn dà.

Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé eré ayé àtijọ́ ni torí pé kóòṣì Bill Yeoman ti ń fi veer (irú option kan) ṣeré ní University of Houston láti àárín àwọn ọdún 1960 síwájú, ẹ ní kó wo zone read tí àwọn QB ń sá nínú shotgun (tí QB ti dúró jìnnà díẹ̀ sẹ́yìn center) lóde òní, Ení náà ni wọ́n ṣì ń kà.

Lọ́jọ́ ìdíje, ẹ fi ẹnì kan sétí pápá tí iṣẹ́ ẹ̀ ò ní ju kó máa wo Ení nìkan, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀: ó wọlé, ó dúró, ó wọlé. Ìwé yẹn lẹ máa fi bá QB sọ̀rọ̀ ní half-time.