Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kànkùn: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Sọ Ariwo Kékeré Di Gbèsè

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa tí a ń wa ọkọ̀ àtijọ́ tó ti ná ọ̀pọ̀ wa lówó: "nọ́ọ̀kì". Bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún kò-kò-kò, a ó ní ó ń nọ́ọ̀kì. Bí ó bá gan pa tí kò yí mọ́, a tún ní ó ti nọ́ọ̀kì. Ọ̀kan jẹ́ àìsàn, èkejì jẹ́ òkú, orúkọ kan náà la fún àwọn méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ ariwo lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ lè ti máa ná owó ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èmi náà ti ṣe é rí. Peugeot 504 bàbá mi ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná, níbi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Mo kúrò ní Kàbbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, mò ń lọ sí Ìsánlú, mo ti kọjá Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ kí ariwo náà tó bẹ̀rẹ̀: gbà, gbà, gbà, bí ẹni ń fi ọmọ odó lu odó òfìfo. Mo wà á bẹ́ẹ̀ títí mo fi rí mẹkáníìkì kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ó tẹ́tí sí i díẹ̀, ó mi orí. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ." Kí n tó rí ibi jókòó, wọ́n ti gbé sipáná lé tọ́ọ̀pù sílíńdà, irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àṣìṣe tó gba iwájú rèé: kí wọ́n tú nǹkan kí wọ́n tó mọ ibi tí ariwo ti ń wá. Irin a máa gbé ohùn kiri. Ohun tó ń jó lọ jó bọ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì lè dún bíi pé inú sọ̀ǹpù, agbada ọ́ìlì nísàlẹ̀, ló wà. Ẹ mú ṣíkúdíráfà gígùn kan, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan irin, ẹ fi etí lé ìdí rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè níbi ìdérí tápẹ́ẹ̀tì (àwọn irin kéékèèké tó ń ṣí fáàfù, ìlẹ̀kùn epo àti èéfín), ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, ara ẹ́ńjìnnì gan-an, ẹ wá parí rẹ̀ sí sọ̀ǹpù. Ibi tó bá ti gbá yín létí jù, àdúgbò rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín o, fáànù ò mọ ẹni tó wọ aṣọ òde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tú fáànù bẹ́líìtì kúrò, ẹ sitátì ọkọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí pọ́ǹpù omi ò ní máa yí. Bí ariwo bá lọ, ẹ má wulẹ̀ wo inú ẹ́ńjìnnì: pọ́ǹpù omi, fáànù, ọ́tánétọ̀ tàbí púlì ni ẹ ó yẹ̀ wò. Bí kò bá lọ, ẹ dá bẹ́líìtì padà, ẹ tẹ kíláàṣì mọ́lẹ̀. Bí ohùn bá yí padà bí ẹsẹ̀ yín ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì ń fi í sílẹ̀, ọ̀dọ̀ kíláàṣì àti fúláíwíìlì, àgbá irin tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀tì fúláíwíìlì tó dẹ̀ máa ń fara wé ariwo kọ́nrọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kiránkì tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, débi pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pàápàá lè ṣì í.

Kì í ṣe gbogbo kò-kò-kò ni kọ́nrọ́ọ̀dù. Tápẹ́ẹ̀tì ń dún fẹ́ẹ́rẹ́, tí-tí-tí, bí ẹ̀rọ aránṣọ. Ìdajì eré kiránkì ni káàmù, ọ̀pá tó ń ti tápẹ́ẹ̀tì, ń sá, nítorí náà ohùn tápẹ́ẹ̀tì máa ń lọ́ra ju bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí lọ. Písítìnì tó ti jẹ ògiri sílíńdà máa ń dún pọ̀-pọ̀ láàárọ̀ kùtù, bó bá gbóná yóò rọlẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀gísọ́ọ̀sì tó jó náà máa ń dún bíi tápẹ́ẹ̀tì, ẹ wo èéfín dúdú tó bá lẹ̀ mọ́ ìsopọ̀ rẹ̀. Ti bíárín kọ́nrọ́ọ̀dù, èyí tó wà láàárín rẹ̀ àti kiránkì, jinlẹ̀, ó wúwo, ó sì máa ń le sí i bí ọ́ìlì bá ti gbóná, tí ó fúyẹ́. Láti mọ̀ ọ́n dájú, ẹ fi ohun tí kì í gbé iná yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ fi ẹnu wáyà náà kan irin ọkọ̀. Sílíńdà tí ariwo bá fi lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ yọ wáyà tirẹ̀, tirẹ̀ ni, torí iná kò ti písítìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ àtijọ́ nìkan lẹ lè ṣe èyí sí o. Ẹ má dán an wò lára ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà.

Ariwo kan wà tí àwa ará òkè wọ̀nyí mọ̀ dáadáa. Ẹ ń gun òkè, ẹrù kún bùtì, ẹ wà ní gíà kẹrin, ẹ tẹ tọ́rọ́tù, ó wá ń dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì. Bí ẹ bá dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó dákẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tú ẹ́ńjìnnì nítorí èyí, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Epo bẹntiróòlù ń jó ní àìtọ́ àkókò ni. Ẹ wo bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná jù, ẹ bi ara yín bóyá epo inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ rà lójú ọ̀nà ní kẹrosín nínú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dá táímínì dísítírìbútọ̀, àkókò tí iná ń ṣẹ́ nínú sílíńdà, padà sẹ́yìn díẹ̀. Èyí ò túmọ̀ sí pé kí ẹ fojú fò ó. Tó bá pẹ́, ó ń lu písítìnì fọ́. Gíà kẹta ni kí ẹ fi gun òkè títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ẹ má máa tẹ tọ́rọ́tù gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé bíárín kọ́nrọ́ọ̀dù ti jẹ lóòótọ́, irú eré bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹ́ rọ́ọ̀dù, tí yóò sì lu búlọ́ọ̀kù jáde. Ìdúró jẹ́jẹ́ àti títẹ̀ díẹ̀ ti tó fún etí tó mọṣẹ́. Ẹ wo iná ọ́ìlì lójú dáṣíbọ́ọ̀dù náà. Bí ó bá tàn pẹ̀lú ariwo, ẹ pa ọkọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ pé iwájú ilé àna yín ló kù. Bí kò bá sì tàn rárá nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ó lè jẹ́ pé rìwáyà kan ti yọ wáyà rẹ̀ kó má baà máa dà yín láàmú. Mo ti rí i lára ọkọ̀ mẹ́ta.

Ọ́ìlì gíà tó nípọn tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè dákẹ́, ẹ yàgò fún un. Yóò dákẹ́ lóòótọ́, fún ìwọ̀nba ọjọ́. Láàárọ̀ tí òtútù mú, kò ní tètè dé ibi bíárín, ìfọ́ ni yóò fi máa fọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ta ọkọ̀ ń gbà. Bí ẹ bá fẹ́ ra 504 tàbí ìjàpá (Volkswagen Beetle), ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n lè ti fi bẹ́ẹ̀ pa ariwo òwúrọ̀ mọ́, ẹ sọ pé ẹ ó padà wá lọ́la.

Àwọn kan á da ọ́ìlì sílẹ̀, wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì wá irin, bí wọn ò bá rí nǹkan, wọ́n á ní àlàáfíà ni. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í gbé ohun tí wọ́n fi bo bíárín. Ẹ da ọ́ìlì náà sínú abọ́ funfun, kí ẹ gbé e sínú oòrùn. Bí ẹ bá rí ìyẹ̀fun tó ń dán bí bàbà tàbí fàdákà, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀.

Tápẹ́ẹ̀tì tó dákẹ́ jù náà kì í ṣe ọ̀rẹ́. Wọ́n á fún un pinpin kó má dún, fáàfù ẹ̀gísọ́ọ̀sì ò ní lè jókòó dáadáa mọ́, yóò jóná. Ti 504, àlàfo tápẹ́ẹ̀tì jẹ́ milimítà 0.10 fún ibi tí epo ń gbà wọlé, 0.25 fún ibi tí èéfín ń gbà jáde, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹ fi fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọ̀n ọ́n, ẹ má fi àtàǹpàkò.

Wàyí o, tọ́ọ̀pù sílíńdà tí wọ́n ń tú nígbà yẹn. Láínà 504, ògiri sílíńdà tí písítìnì ń rìn nínú rẹ̀, kò mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, omi ló yí i ká, síìlì nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń dá omi dúró, tọ́ọ̀pù ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣí tọ́ọ̀pù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí kiránkì láìfi irin tẹ láínà náà mọ́lẹ̀, torí yóò gbéra, omi yóò sì wọnú ọ́ìlì. Ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú mi kó lè wo písítìnì. Wọ́n pààrọ̀ bíárín kọ́nrọ́ọ̀dù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tò ó padà, mo sanwó, mo sitátì í: gbà, gbà, gbà.

Nígbà tí mo fi máa dé Ẹ̀gbẹ̀, ọ́ìlì ti funfun bí ògì. Bàbá kan tó ti dàgbà nídìí iṣẹ́ ló tú bẹ́líìtì, ó sitátì í. Ariwo ò sí. Ó pa á, ó di fáànù mú, ó mì í, ó ń jó lọ jó bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bíárín pọ́ǹpù omi ni.

Pọ́ǹpù yẹn ò wọ́n. Síìlì láínà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e ni mo fi owó iṣu ọdún yẹn san.