Gíráńdà tí kò ní sọ yín di adití: bí mo ṣe ń la ihò kùlásì ní Kétu

Kùlásì ni iṣẹ́ mi. Ẹ̀yin ará Nàìjíríà lè mọ̀ ọ́n sí tọ́ọ̀pù sílíńdà. Níhìn-ín ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kùlásì la ń pè é: irin tó bo orí ẹ́ńjìnì ni. Àwọn tó ń fi alùpùpù kó ẹrù bọ̀ láti ọ̀nà Ìlárá ló ń gbé e wá fún mi jù, pé kí n bá wọn la ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, kí ẹ́ńjìnì lè mí dáadáa. Gíráńdà tó ń yí eyín irin kékeré ni mo fi ń fá a.

Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Ìyá Alákàrà. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí lọ ẹ̀wà, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n yọjú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé irin yẹn kì í rẹ̀ ẹ́ ni?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá bí ariwo yóò ṣe dínkù. Bó sì ṣe ń dínkù ni iṣẹ́ mi ń dára sí i, nítorí ihò kùlásì alùpùpù kì í sábàá tó mìlímítà 30 ní fífẹ̀. Tí eyín gíráńdà bá ti wọ inú rẹ̀, ojú kò rí nǹkan mọ́. Etí ló kù. Tó bá ń dún ṣììì, ó ń jẹ irin bó ṣe yẹ. Tó bá di kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó ń fò lórí irin, ó sì ń gbẹ́ kòtò sílẹ̀. Tí ohùn rẹ̀ bá ṣàdédé wúwo, èérún ti dí eyín náà. Ẹni tí ariwo kọ̀ńprẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gíráńdà ní atẹ́gùn, ń bò mọ́lẹ̀ kò ní gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kútọnu kò fi nǹkan kan bo etí rí. Nígbà tí mo fi máa gba òmìnira, a ní láti fọwọ́ kàn wọ́n léjìká kí wọ́n tó mọ̀ pé a ń pè wọ́n. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gíráńdà fúnra rẹ̀. Èyí tí atẹ́gùn ń yí kò tóbi, ó fúyẹ́, ó sì ń yí ju ìgbà 20,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Wàhálà rẹ̀ ni oúnjẹ. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìdúró, ó lè mu lítà 300 atẹ́gùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, tí agbára atẹ́gùn náà bá jẹ́ báà 6. Kọ̀ńprẹ́sọ̀ lítà 50 tí fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà kò lè bọ́ ọ. Ṣe ni kọ̀ńprẹ́sọ̀ náà yóò máa ké láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tí ẹ̀yin náà yóò sì máa dúró dè é. Fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́, gíráńdà oníná tó ní ọrùn gígùn tí a lè dín eré rẹ̀ kù ni mo fara mọ́. Èyí tó tún dára jù ni ti mọ́tò tí a gbé kọ́ sókè, tí okùn irin tó ń yí nínú rọ́bà so mọ́ ọwọ́ ìdìmú: mọ́tò náà jìnnà sí etí yín, ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò sì wúwo ju ṣíbí ìrokà lọ. Tòkunbọ̀ ni tèmi, ọjà Tọ́kpá ní Kútọnu ni mo ti rà á.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má sanwó kó tó yí. Ẹ fi orí súkúrúdíráfà kan ẹ̀gbẹ́ ibi tí bẹ́rìn wà, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kan egungun iwájú etí. Bẹ́rìn tó dára ń dún hùùù, ohùn kan náà. Èyí tó ti jẹ ń dún bí ìgbà tí a bá ń gbo iyanrìn mọ́ àwo. Ẹ pa á, ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá mì, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Eyín kábáìdì, èyí tó le gan-an, ni kí ẹ lò. Fún àlùmíníọ̀mù, ẹ wá èyí tí ojú eyín rẹ̀ fẹ̀, tí ìlà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan. Onílà méjì tó gé ara wọn máa ń dí kíákíá, irin dúdú ni tirẹ̀. Ẹ máa fi eyín náà ra àbẹ́là lóòrèkóòrè kí èérún má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe tan gíráńdà sílẹ̀ nígbà tí eyín tí ọ̀pá rẹ̀ gùn kò tíì wọ inú ihò: ọ̀pá náà lè tẹ̀ lójijì, kó sì lu yín lọ́wọ́. Ẹ ti eyín wọlé kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì.

Tí ẹ bá fẹ́ ti atẹ́gùn dandan, ẹ ra kọ̀ńprẹ́sọ̀ oníbẹ́líìtì tó ń mu ọ́ìlì. Èyí tí mọ́tò àti orí rẹ̀ so mọ́ra tààrà ń yí nǹkan bí 2,800 láàárín ìṣẹ́jú kan, ariwo rẹ̀ sì ń gún ni létí. Oníbẹ́líìtì máa ń rọra yí. Ẹnu tó fi ń fa atẹ́gùn ni ariwo rẹ̀ ti ń jáde jù. Mo so páìpù mọ́ ẹnu tèmi, mo nà án wọ inú bídọ̀ǹ (kẹ́ẹ̀gì) lítà 25 tó wà níta, mo lu ihò ńlá sí i lára, mo sì fi fíítà, asẹ́ tó ń gba eruku, sí ibi ihò náà. Páìpù náà kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju ẹnu kọ̀ńprẹ́sọ̀ lọ. Ẹ má lo bídọ̀ǹ tí bẹntiróòlù ti wọ̀ rí, ẹ má jẹ́ kó fa òórùn epo wọlé. Mo gé táyà ògbólógbòó sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà sí ògiri Ìyá. Ẹ lè kọ́ ilé kékeré bò ó, kí ẹ ṣáà fi ọ̀nà sílẹ̀ fún atẹ́gùn, torí ooru á pa á. Gíráńdà atẹ́gùn náà ní ariwo tirẹ̀ níbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. Ẹ yan èyí tó ń tu u sẹ́yìn, kí ẹ sì wá sàláńsà tàbí rọ́bà tó máa gbé e jìnnà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni kùlásì fúnra rẹ̀. Tí a bá fi fáìsì, irin ìdìmú orí tábìlì, dè é lásán, bí agogo ló ń dún. Mo rán àpò láti ara ṣòkòtò jíǹsì tó ti gbó, mo rọ iyanrìn gbígbẹ sí i, mo sì tẹ kùlásì mọ́ ọn. Agogo náà pa lẹ́nu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀ náà sì dínkù. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Síbẹ̀, ẹ bo etí, kí ẹ bo imú, kí ẹ fi gíláàsì bo ojú. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn ariwo: 85 ni etí lè gbà fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, gbogbo 3 tó bá lé sì ń gé àkókò náà sí méjì. Ní 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ohun ìbotí kò ní kí ẹ má gbọ́ ohùn eyín. Gbogbo ariwo ló ń dínkù, ṣùgbọ́n ohùn eyín náà ṣì ń dé etí.

Ní ti fífá gan-an, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì sàmì sí ẹnu ihò, kí ẹ má sì kọjá àmì náà. Ẹ rọra ṣe níbi tí ihò ti kọrùn wọlẹ̀ sí ìdí sùpápù (fáàfù), ẹ má fọwọ́ kan ibi tí sùpápù ń jókòó sí. Ẹ fi sáńpépà 80 parí ọ̀nà afẹ́fẹ́, kò gbọdọ̀ dán bí dígí. Ọ̀nà èéfín ni kí ẹ fi 120 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ dán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo èérún kúrò, kí ẹ fẹ́ ẹ gbẹ. Ẹ da sùpápù padà, ẹ rọ kẹrosíìnì sínú ihò, kí ẹ sì wo ìdí sùpápù fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí kò bá kán, ẹ lè dè é padà sórí ẹ́ńjìnì.