Ẹrẹ̀ Abẹ́ Ọkọ̀ Àwòṣe: Àwọn Ìbéèrè Tí Kì Í Tán

Ẹ̀yin tí ẹ ń to ọkọ̀ àwòṣe ní Òṣogbo, ẹ̀dùn ọkàn yín lórí ẹrẹ̀ àtọwọ́dá tí ẹ ń tẹ́ sórí pákó àti fómù lábẹ́ ọkọ̀ kì í yí padà: ẹrẹ̀ ò jọ ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ bu, ẹrẹ̀ sán. Ó yá, ìdáhùn rèé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ ìwọ̀n 1/35 (ọkọ̀ gidi gùn tó o lọ́nà 35) ni gbogbo òǹkà tó wà níbí wà fún.

Ẹrẹ̀ mi rí págunpàgun, òkúta ló jọ.
Ẹ ò jọ̀ ọ́. Hóró yanrìn tó bá tó mílímítà 1, òkúta sẹ̀ǹtímítà 3.5 ló dúró fún. Ajọ̀ èlùbọ́ ni kẹ́ ẹ fi jọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀mejì.

Ó bu, ó yọ irun funfun.
Ẹ yan erùpẹ̀ gbígbẹ nínú ìkòkò àlòkù fún ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó pò ó, pàápàá erùpẹ̀ dúdú etí odò tó kún fún ewé jíjẹrà. Ìta ni kẹ́ ẹ ti yan án. Ẹ má sì lọ bu erùpẹ̀ nínú Igbó Ọ̀ṣun, jọ̀ọ́.

Àwọ̀ rẹ̀ kò bá ọkọ̀ mu.
Ibo ni ọkọ̀ náà wà? Bọ́lẹ̀kájà tó rì sójú ọ̀nà oko wa ló ni erùpẹ̀ pupa. Ọkọ̀ ogun tó há sínú ẹrẹ̀ Rọ́ṣíà lọ́dún 1941 kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ilẹ̀ dúdú ló wà ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀. Kí ẹ sì rántí pé gúlù máa ń jẹ́ kí erùpẹ̀ ṣú sí i. Ẹ pò díẹ̀, ẹ fi kun páálí, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tó dájọ́. Fáníìṣì dídán kì í ṣe fún gbogbo ilẹ̀: ojú ipa táyà àti kòtò tí omi dúró sí nìkan.

Fómù mi yọ́.
Ọ̀dà alágolo tí ẹ fín sí i lára ló jẹ ẹ́. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi bò ó.

Ọkọ̀ náà dà bí ohun tí wọ́n gbé ka orí tábìlì, kò rì.
Ẹrẹ̀ ti gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé e lé e. Ẹ fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wà, ẹ fi Vaseline pa táyà, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì rọ̀. Mílímítà 4 tó. Sẹ̀ǹtímítà 14 nìyẹn lójú ayé. Inú abọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ ti bu ẹrẹ̀ tí ẹ máa fi ra abẹ́ ọkọ̀.

Ẹrẹ̀ sán. Mo fi gúlù kún un, ó tún burú sí i.
Baba gbogbo wọn nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe sán, torí oríṣi mẹ́ta ni, oògùn wọn ò sì jọra.

Bó bá sán wẹ́wẹ́ káàkiri, omi tàbí amọ̀ ló pọ̀ jù. Bí omi ṣe ń gbẹ ni ohun tó kù ń súnkì. Òkè ti gbẹ, ìsàlẹ̀ ṣì tutù, wọ́n á wá máa fa ara wọn ya. Gúlù funfun ti káfíńtà fúnra rẹ̀ kún fún omi, ìdí nìyẹn tí àfikún rẹ̀ kò fi ṣèrànwọ́. Ẹ po erùpẹ̀ jíjọ̀ ṣíbí 3, yanrìn kíkúnná 2, POP 1, gúlù káfíńtà 1 àbọ̀, kẹ́ ẹ wá máa kán omi sí i títí yóò fi lẹ̀ mọ́ ṣíbí láìṣàn. Ẹ gé fọ́nrán àpò kòkó ní mílímítà 3, ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè mú, ẹ dà á sí i. Òun ló ń di ẹrẹ̀ mú. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa pò ó, POP kì í dúró de ẹnì kankan. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan má nípọn ju mílímítà 3 lọ, kó sì gbẹ pátápátá kí òmíràn tó bọ́ sórí rẹ̀: ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ méjì nígbà òjò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ òkè, fómù ni kẹ́ ẹ fi gbé e ga. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má gbé e síwájú fáànù. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi ọ̀rá tí ẹ lu ihò sí bò ó.

Bó bá jẹ́ ìlà gígùn kan ṣoṣo, oríkèé fómù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rẹ tíṣù sínú gúlù, ẹ fi lẹ oríkèé náà pa kí ẹrẹ̀ tó débẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé etí ló ń ṣí sókè, pákó ló mu omi. Ẹ fi fáníìṣì kun ún lẹ́ẹ̀mejì, òkè àti abẹ́; tó bá gbẹ, ẹ fi sánpépà ha òkè rẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè rí nǹkan dì mú.

Èyí tó ti sán ńkọ́? Ẹ má họ ọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kán omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ti erùpẹ̀ tí ẹ fi aṣọ jọ̀, tí ẹ fi gúlù pò, wọ inú ibẹ̀. Ẹ fi ìka kan án: bí ìró rẹ̀ bá fi hàn pé abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò. Kò sí àtúnṣe kankan níbẹ̀ mọ́.

Omi inú kòtò, tí mo fi rẹ́sìn (oje ike ìgò méjì tí a ń pò pọ̀ kó lè le) ṣe, yọ ìhó, kò sì le.
Afẹ́fẹ́ inú ẹrẹ̀ ló ń jáde. Fáníìṣì ni kó kọ́kọ́ dí i. Àìle rẹ̀ jẹ́ nítorí pé ojú lẹ fi wọn ìgò méjèèjì. Ẹ wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò.

Pákó fúnra rẹ̀ yí, kò tẹ́jú mọ́.
Ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà, ẹrẹ̀ á fọ́. Ẹ gbé e fún káfíńtà kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì dè é lábẹ́. Kí ó fi skúrù dè é, kì í ṣe ìṣó, nítorí òòlù á gbọn ilẹ̀ yín jábọ́.