Omi tó sá pamọ́ sínú pulp ló jẹ acetic anhydride mi

Mo da 60 gíráàmù acetic anhydride, kẹ́míkà tó ń so mọ́ fọ́nrán kó má fi bẹ́ẹ̀ fa omi mọ́, sí 100 gíráàmù pulp funfun (fọ́nrán igi tí wọ́n fi ń ṣe ìwé) nínú toluene, kẹ́míkà olómi, mò ń retí kí ìwúwo fọ́nrán fi 10% lé sí i, kó lè bá polypropylene, irú ike kan, rẹ́. 2% péré ni mo rí. Pulp náà gbẹ lójú, ó gbẹ lọ́wọ́, àmọ́ 8 gíráàmù omi wà nínú rẹ̀. Gíráàmù omi kan a máa sọ nǹkan bí 5.7 gíráàmù anhydride di acid lásán. Ẹ ṣírò ó: 45 gíráàmù ti ṣòfò kí fọ́nrán tó tọ́ ọ wò!

Ó yẹ kí n gbẹ ẹ́ ná, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni mo há sí. Mo kó o sínú ófúùnù ní 105°C di ọjọ́ kejì. Omi lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara fọ́nrán pa dé, fọ́nrán sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Omi tí mo tún fi rẹ ẹ́ kò ṣí wọn tán mọ́. Ẹ̀yìn ìṣù nìkan ni anhydride kàn, inú wà bó ṣe wà. Nígbà tí mo yọ́ ọ mọ́ polypropylene, kóró funfun kún ara rẹ̀ káàkiri.

Pulp tútù tí kò tíì gbẹ rí ni kí ẹ mú. Omi àti toluene kì í pò, nítorí náà acetone, kẹ́míkà olómi tó ń bá méjèèjì pò, ló máa lé omi jáde: ẹ rẹ ẹ́, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú 30, ẹ fún un, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, toluene ní ẹ̀ẹ̀méjì. Ẹ má fi ethanol parí rẹ̀ o. Òun náà ń jẹ anhydride. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bu díẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ gbẹ ẹ́ ní 105°C, kí ẹ fi mọ ìwúwo gbígbẹ, kí ẹ sì dà á nù.

Ìyókù ò le: pyridine díẹ̀ láti mú un yá, torí pulp tí kò ní lignin (ohun tó ń so fọ́nrán igi pọ̀) mọ́ ń lọ́ra, 100°C, wákàtí 4, níbi tí ẹ̀rọ ti ń fa èéfín jáde, láìsí iná tó ń jó nítòsí. Lọ́tẹ̀ yìí mo rí 11%, ẹ̀kán omi sì dúró gbọnin lórí rẹ̀. Ẹ fi acetone fọ̀ ọ́ títí òórùn kíkan yóò fi lọ. Acid tó bá ṣẹ́ kù máa ń gé fọ́nrán kúrú nígbà yíyọ́ ní 180°C.