Kí ọlọ́pàá àti nọ́ọ̀sì ti mọ ara wọn kí ìbọn tó dún

Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, Ìgbógbò lápá Ìkòròdú ni mo sì ń gbé. Nígbà tí àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, oorun dá lójú mi. Bó bá jẹ́ ọjà Sábọ́ ní Ìkòròdú níbí ni ńkọ́? Ta ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, ta ni yóò sì júwe ọ̀nà fún awakọ̀ áńbúláǹsì?

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ohun tí a máa ṣe bí agbébọn bá wọ ọjà nìyẹn. A ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ fọ́ mọ́ wa lórí, òun náà ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín.

Ẹ má sáré lọ sí pápá. Ìdí tábìlì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe ọlọ́pàá, panápaná, LASAMBUS tó ni áńbúláǹsì ìjọba Èkó, LASEMA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ní Èkó, Sífù Dífẹ́ǹsì, ọsibítù tó sún mọ́ yín, àti olórí àwọn ọdẹ àdúgbò. Ẹni tó lè pàṣẹ ni kí wọ́n rán wá o, kì í ṣe ẹni tó wá mu omi inú ọ̀rá kó sì máa lọ. Ẹ pe ìyálọ́jà pẹ̀lú. Òun ló mọ géètì tí wọ́n ti tì pa láti ọdún tó kọjá, òun ló sì mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

A ya ọjà sẹ́yìn páálí bísíkíìtì, a fi ìdérí mínírà ṣe mọ́tò. Mo fi ìka kan ibì kan: “Ìbọn ti dún níbí. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí lẹ máa ṣe?” Ọ̀gá mẹ́ta ló dáhùn pé àwọn làwọn máa darí gbogbo ẹ̀. Wọn ò tíì jà, àmọ́ ojú ti ń pọ́n. Ibi tí a parí ẹ̀ sí ni pé ọlọ́pàá tó bá kọ́kọ́ dé ló ń darí, títí ọ̀gá rẹ̀ á fi dé gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àgbà ọlọ́pàá, àgbà panápaná àti àgbà àwọn áńbúláǹsì á jọ dúró sídìí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Kí wọ́n má gbára lé fóònù. Nígbà tí gbogbo ọjà bá ń pe ilé lẹ́ẹ̀kan náà, nẹ́tíwọ̀kì á ti lọ.

Bí ìbọn bá ṣì ń dún, kí ọlọ́pàá má dúró de ẹnikẹ́ni, kí wọ́n wọlé. Ní ilé ẹ̀kọ́ Columbine ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1999, ọlọ́pàá yí ilé ká, wọ́n ń retí ikọ̀ pàtàkì. Tíṣà kan tí wọ́n yìnbọn fún, Dave Sanders, wà nínú kíláàsì ju wákàtí mẹ́ta lọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kú. Wọ́n tìtorí ẹ̀ yí ìlànà padà. Síbẹ̀, ní Uvalde ní Texas lọ́dún 2022, ìṣẹ́jú 77 kọjá kí ọlọ́pàá tó kojú agbébọn náà. Ọmọ 19 àti tíṣà 2 ló kú. Ìlànà wà nínú ìwé, kò wà lára.

Omi ìwẹ̀ ni mo fi ń ṣàlàyé ibi tí oníkálukú lè dé. Omi gbígbóná ni ibi tí agbébọn wà, ọlọ́pàá nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni ibi tí ọlọ́pàá ti kọjá, tí ìbọn ò dún mọ́, àmọ́ tí wọn ò tíì yẹ̀ wò tán. Nọ́ọ̀sì tàbí panápaná lè wọ ibẹ̀, bí ọlọ́pàá bá wà níwájú àti lẹ́yìn wọn, kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n sì gbé èèyàn jáde. Omi tútù ni ibi tí áńbúláǹsì ń dúró sí. Ní báyìí, “a wà nínú lọ́wọ́ọ́wọ́” ni wọ́n ń wí lórí wọkitọ́kì.

Ẹ kéde ọjọ́ ìdánrawò ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti láàárín ọjà láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kẹ́ ẹ sì sọ fún àwọn tó ń gbé ìpè pàjáwìrì 112 àti 767. Ìbọn gidi ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ rárá. Igi tí a fi aṣọ pupa wé lẹ́nu ni tiwa, èèyàn méjì ló sì ń yẹ ara gbogbo ẹni tó ń wọlé wò, títí kan ọ̀gá ọlọ́pàá. Ẹ ní ọ̀rọ̀ tó ń dá eré dúró. “Ó tó!” lẹ́ẹ̀mẹta ni tiwa. Obìnrin kan tó ń ṣe bí ẹni tí ìbọn bà ṣubú lóòótọ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ rọ́, gbogbo wa sì ń yìn ín pé ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ti àwọn ọdẹ ló burú jù. Wọ́n gbọ́ ariwo, wọ́n sáré wọlé nínú dàńṣíkí pẹ̀lú igi tiwọn lọ́wọ́, kò sóhun tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀. Ọlọ́pàá “pa” mẹ́rin nínú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe kú mọ́ wọn lẹ́nu. Látìgbà náà, ojú títì níta ni ọdẹ ń dúró sí, wọ́n ń lé èrò àti ọ̀kadà sẹ́yìn, wọ́n sì ń wọ ẹ̀wù tó ń dán lálẹ́. Bí wọ́n bá rí ọlọ́pàá, ọwọ́ òfìfo lókè.

Zobo tó nípọn tí a fi ògì díẹ̀ sí ni ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ kọ́ gbogbo èèyàn, títí dórí oníbúrẹ́dì, bí a ṣe ń de apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ìdè tí wọ́n dìídì ṣe fún un, ẹ wá aṣọ tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta; okùn tín-ín-rín á gé ara. Ẹ so ó ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sókè ojú ọgbẹ́, kó má ṣe bọ́ sórí orúnkún tàbí ìgúnpá. Ẹ ta kókó, ẹ gbé omorogùn kékeré lé e, ẹ ta kókó míì lé omorogùn, kẹ́ ẹ wá máa yí i títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá. Ẹni tó ṣèṣe á ké o. Ẹ má tú u. Ẹ so igi náà mọ́bẹ̀, kẹ́ ẹ kọ àsìkò tẹ́ ẹ dè é sí iwájú orí ẹni náà. Bó bá jẹ́ abíyá tàbí ibi tí itan ti so mọ́ ara, ìdè ò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹ ki aṣọ bọ inú ọgbẹ́, kẹ́ ẹ fi gbogbo ìwúwo ara yín tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ìdánrawò, ẹ má fún un dópin.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá mẹ́ta ló dí ẹnu géètì nígbà àkọ́kọ́, áńbúláǹsì há sẹ́yìn wọn. Ẹ ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún wíwọlé, òmíràn fún jíjáde, kẹ́ ẹ sì fi ẹni tí ojú kì í tì síbẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ Maruwa kan ni tiwa, kò sì bìkítà bí ràǹkì ṣe pọ̀ tó léjìká.

Bí ìdánrawò bá parí, kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe tán kí ìrẹsì tó jáde. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ pe gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé yín. Mọ́kànlá ni mo pè gbẹ̀yìn: wọ́n ti gbé ọ̀kan lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan ti pa síìmù dà, ìyàwó ẹnì kẹta ló gbé e, ó ní kí ni mo fẹ́ fi ọkọ òun ṣe.